Ìwọ́de Àlàáfíà ní Monrovia: Láti Ẹnu Ọ̀nà Yunifásítì dé Ẹnu Ọ̀nà Ààrẹ

Ẹni tí ó bá dúró ní ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Làìbéríà, lórí òkè tí wọ́n ń pè ní Capitol Hill ní ìlú Monrovia, yóò máa wo Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní ọ̀ọ́kán. Ilé ńlá tí wọ́n kọ́ fún Ààrẹ orílẹ̀-èdè náà kò jìnnà síbẹ̀, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ wà ní apá kan títì, àwọn tí ń ṣe òfin àti àwọn tí ń pàṣẹ sì wà ní apá kejì. Ọ̀nà náà kúrú púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ rìn ín láìmú ohun ìjà lọ́wọ́ ti san owó-bodè tí ó wúwo lórí rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí òkè yìí àti ní àwọn àdúgbò tí ó yí i ká kì í ṣe ọ̀rọ̀ Làìbéríà nìkan. Ó jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó ní yunifásítì, tí ó sì ní ọlọ́pàá. Ìwọ́de àlàáfíà jẹ́ ìbéèrè tí ará ìlú gbé ka iwájú ìjọba. Bí ìjọba bá fi ọ̀rọ̀ dáhùn, ọ̀rọ̀ ni yóò tẹ̀lé e. Ìjọba tí ó bá fi ìbọn dá ẹlẹ́sẹ̀ lóhùn, ọ̀nà ni ó ń là fún oníbọn. Bí a bá tọ ipasẹ̀ ìtàn Monrovia láti ọdún 1979 títí di àkókò yìí, òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà yóò hàn kedere.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ìwọ́de jẹ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, láti ayé àwọn baba ńlá, bí ọ̀rọ̀ bá ká ará ìlú lára, wọn a kó ara wọn jọ, wọn a sì gba ààfin lọ. Wọn kò lọ bá ọba jà. Wọ́n lọ kí ọba lè fi ojú ara rẹ̀ rí iye ènìyàn tí inú wọn kò dùn. Ẹnì kan lè kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, kí akọ̀wé sì tì í sínú àpótí, kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó dúró lójú títì kò ṣeé tì sínú àpótí. Ibẹ̀ gan-an ni agbára ìwọ́de wà. Ẹni tí kò ní owó, tí kò ní ìbọn, tí kò sì ní ìwé ìròyìn tirẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ méjì àti ohùn kan, ó sì lè fi wọ́n kún ti ọmọnìkejì rẹ̀.

Ìwọ́de àlàáfíà ní ètò tirẹ̀. Àwọn tí ó dá a sílẹ̀ a máa fi ọjọ́ náà àti ọ̀nà tí wọn yóò gbà tó àwọn aláṣẹ létí. Wọn a yan àwọn tí yóò máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀wọ́ náà láti pa ẹnu àlà mọ́, kí jàǹdùkú má baà wọ àárín wọn. Wọn a kọ ohun tí wọ́n ń bèèrè sínú ìwé, ní ọ̀rọ̀ ṣókí tí ó yéni, wọn a sì fi lé aṣojú ìjọba lọ́wọ́ kí wọ́n tó túká. Ìjọba náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó yẹ kí ó rán ẹni gidi láti gba ìwé náà, kí ó sì dá èsì padà. Bí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí bá yẹ̀, ìwọ́de lè di ìdààmú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kò yani lẹ́nu pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sábà máa ń ṣáájú. Inú ọgbà kan náà ni wọ́n ń gbé, nítorí náà ìròyìn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ a ti dé gbogbo yàrá kí ilẹ̀ tó mọ́. Púpọ̀ nínú wọn kò ní iṣẹ́ tí ọ̀gá lè gbà lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì tíì ní ìyàwó tàbí ọmọ tí ẹ̀rù yóò máa bà wọ́n fún. Ṣùgbọ́n àléébù wọn wà pẹ̀lú. Ọ̀dọ́ a máa kánjú. Láàrin ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, àwọn tí ó mọ ètò ti gba oyè jáde, àwọn tuntun sì wọlé tí wọn kò mọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn.

Ní ti Làìbéríà, ìtàn rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó ti gba òmìnira ní Amẹ́ríkà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀dó sí etí òkun náà ní ọdún 1822. Orúkọ James Monroe, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ni wọ́n fi sọ olú-ìlú wọn. Ní ọjọ́ 26, oṣù Keje, ọdún 1847, wọ́n kéde òmìnira. Láti ìgbà náà lọ, àwọn ọmọ àtọ̀húnrìnwá wọ̀nyí, tí wọn kò pọ̀ rárá, ni ó di agbára mú lórí àwọn onílẹ̀ bí i Kpelle, Bassa, Kru, Gio, Mano àti Vai. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo, True Whig Party, ni ó jókòó sórí àga láti ọdún 1878 títí di ọdún 1980 láìdìde.

Liberia College ṣí ní ọdún 1862. Edward Wilmot Blyden, ọ̀mọ̀wé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ipa púpọ̀ lórí àwọn onígbàgbọ́ tí ó dá ìjọ aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1891, wà lára àwọn tí ó kọ́ni níbẹ̀. Ní ọdún 1951, kọ́lẹ́jì náà di Yunifásítì Làìbéríà. Nígbà tí ó yá, àwọn ọmọ àgbẹ̀ láti ìgbèríko rí àyè wọlé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí tí ọrọ̀ irin àti rọ́bà orílẹ̀-èdè wọn kò fi dé abúlé wọn. Ní ọdún 1970, wọ́n dá ẹgbẹ́ Student Unification Party sílẹ̀. Ní ọdún 1973, àwọn olùkọ́ bí i Togba-Nah Tipoteh àti Amos Sawyer wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ MOJA sílẹ̀, láti jà fún ìdájọ́ òdodo ní Áfíríkà. Ẹgbẹ́ kejì, Progressive Alliance of Liberia, bẹ̀rẹ̀ láàrin àwọn ọmọ Làìbéríà tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà; Gabriel Baccus Matthews ni olórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrẹsì ni ó mú ìwọ́de kìn-ín-ní tí ayé gbọ́ jáde. Bí ọmọ Yorùbá ti ń sọ pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, bẹ́ẹ̀ ni ará Monrovia tí kò bá tíì jẹ ìrẹsì lójúmọ́ máa ń sọ pé òun kò tíì jẹun. Ní ọdún 1979, dọ́là 22 ni iye àpò ìrẹsì kan. Ìjọba Ààrẹ William Tolbert mú àbá wá láti fi owó kún un, wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ lè rí èrè, kí wọ́n má sì fi oko sílẹ̀ wá sí ìlú. Àwọn alátakò fèsì pé àwọn ìbátan Ààrẹ àti àwọn ìjòyè ìjọba wà lára àwọn tí ó ní oko ìrẹsì ńlá, pé àpò tiwọn ni owó náà yóò bọ́ sí. Matthews àti ẹgbẹ́ rẹ̀ pe ìwọ́de àlàáfíà. Ìjọba kò fún wọn ní àṣẹ. Wọ́n ní àwọn yóò rìn bí ó ti wù kí ó rí.

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, ọdún 1979, tí ó bọ́ sí ọjọ́ Sátidé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà jáde láti lọ sí iwájú ilé Ààrẹ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ọ̀dọ́ aláìníṣẹ́ ti ẹ̀yìn títì dara pọ̀ mọ́ wọn, ọ̀wọ́ náà sì pọ̀ ju ohun tí àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ lè ká mọ́ lọ. Àwọn ọlọ́pàá yìnbọn lu èrò. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí ó ń jẹ́ ìwọ́de mọ́: àwọn kan ń sá, àwọn kan ń gbé òkú, àwọn mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ṣọ́ọ̀bù kó ọjà. Ó kéré tán, ènìyàn 40 kú, àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ sì tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ààrẹ Sékou Touré ti ilẹ̀ Gínì fi ọmọ-ogun ránṣẹ́ láti ran ìjọba Tolbert lọ́wọ́.

Nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀bi pín sí ọ̀nà méjì, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọn kò dọ́gba. Àwọn tí ó pe ìwọ́de kò ní ètò tí ó lè ya aláìṣẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára olè. Èyí jẹ́ àṣìṣe ńlá. Ṣùgbọ́n ìjọba ni ó ní ọlọ́pàá, òun ni ó ní ilé-iṣẹ́ rédíò, òun ni ó sì ní agbára láti pe àwọn olórí ìwọ́de wọlé kí wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ iye ìrẹsì. Ó yan ìbọn dípò àga. Tolbert ju àwọn olórí náà sí ẹ̀wọ̀n, ó sì tún dárí jì wọ́n kí ìpàdé àwọn olórí Áfíríkà tó wáyé ní Monrovia ní oṣù Keje. Ó yan ìgbìmọ̀ ìwádìí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n omi ti dànù. Ọlá tí ará ìlú ń fún ìjọba náà ti kú pẹ̀lú àwọn tí ó kú lójú títì.

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà. Ní òru ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin, ọdún 1980, àwọn sójà 17 tí Samuel Doe ṣáájú wọ ilé Ààrẹ, wọ́n pa Tolbert, wọ́n sì gba ìjọba. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n so àwọn ìjòyè 13 mọ́ òpó ní etí òkun, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n ní ojú ayé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn jó ní ìgboro. Matthews jáde láti ẹ̀wọ̀n tí wọ́n tún ti gbé e sí, ó sì di òjíṣẹ́ fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò pé àkókò àwọn dé. Wọn kò mọ̀ pé ẹni tí ó fi ìbọn gba àga kì í sábà fẹ́ràn ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀.

Ó hàn sí wọn ní ọdún 1984. Doe ti yan Amos Sawyer, olùkọ́ ní Yunifásítì, láti jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tí yóò kọ ìwé òfin ìpìlẹ̀ tuntun. Nígbà tí Sawyer parí iṣẹ́ náà, tí ó sì fẹ́ dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, ìjọba mú un ní oṣù Kẹjọ, wọ́n ní ó ń dìtẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó ara wọn jọ nínú ọgbà wọn láti béèrè pé kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ní ọjọ́ 22, oṣù náà, Doe rán sójà wọ ọgbà Yunifásítì. Wọ́n yìnbọn, wọ́n fi pàṣán na ọmọlọ́mọ, wọ́n sì fipá bá àwọn ọmọbìnrin lò. Wọ́n ti Yunifásítì pa. Ohun tí ó dunni jù nínú rẹ̀ ni pé ìwé òfin tí iṣẹ́ ìgbìmọ̀ Sawyer bí, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1986, ní abala kan, Abala 17, tí ó fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti péjọ ní ìrọ̀rùn àti láti gbé ẹ̀dùn ọkàn wọn síwájú ìjọba.

Láti ọjọ́ tí sójà ti wọ ọgbà náà, ohùn akẹ́kọ̀ọ́ rẹlẹ̀. Ìdìbò ọdún 1985 kún fún màgòmágó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Thomas Quiwonkpa gbìyànjú láti fi ìbọn lé Doe kúrò, kò bọ́ sí i, sójà Doe sì gbẹ̀san lára àwọn ará Nimba tí í ṣe ènìyàn Quiwonkpa. Láti Nimba kan náà ni Charles Taylor ti gbé ogun wọlé ní ọjọ́ 24, oṣù Kejìlá, ọdún 1989. Èyí kò túmọ̀ sí pé ìwọ́de tí wọ́n tẹ̀ rì nìkan ni ó bí ogun náà. Ìwà ìrẹ́jẹ, ẹ̀tanú ẹ̀yà àti ojúkòkòrò agbára wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnu ọ̀nà ọ̀rọ̀ ti tì, tí ìdìbò kò sì ní ìtumọ̀ mọ́, ẹni tí ó ní ìbọn nìkan ni ó rí ọ̀nà wọlé.

Àwọn ará Nàìjíríà jẹ nínú ẹ̀kọ kíkan náà. Nàìjíríà ni ó kó ọmọ-ogun tí ó pọ̀ jù lọ sínú ECOMOG tí ó gúnlẹ̀ sí Monrovia ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1990, ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ yìí ni kò sì padà wálé. Àwọn oníròyìn méjì, Tayo Awotusin àti Krees Imodibie, tí wọ́n lọ wá òtítọ́ ogun náà, pàdánù ẹ̀mí wọn níbẹ̀ ní ọdún kan náà. Ní Òru, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwọn ogúnléndé láti Làìbéríà gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n bí ọmọ níbẹ̀, wọ́n sì kọ́ èdè Yorùbá lẹ́nu àwọn aládùúgbò wọn. Iye tí a sábà máa ń kà fún àwọn tí ó kú nínú ogun méjèèjì, láti ọdún 1989 sí ọdún 2003, jẹ́ 250,000.

Taylor wọlé ìdìbò ní ọdún 1997, ṣùgbọ́n ìwà kò yípadà. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2001, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ péjọ nínú ọgbà Yunifásítì láti dá owó fún àwọn oníròyìn tí ìjọba tì mọ́lé. Àwọn agbófinró ya wọ inú ọgbà, wọ́n na akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà sá kúrò ní orílẹ̀-èdè. Ó dà bí ẹni pé ìwọ́de ti kú pátápátá ní Monrovia.

Àwọn ìyá wọn ni ó jí i dìde. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2003, nígbà tí ọmọ-ogun ọ̀tẹ̀ ń sún mọ́ olú-ìlú, àwọn obìnrin Kìrìsìtẹ́nì àti àwọn obìnrin Mùsùlùmí pa ohùn pọ̀, wọ́n wọ ẹ̀wù funfun, wọ́n sì jókòó sí pápá kan ní ẹ̀gbẹ́ ọjà ẹja ní Sinkor, lójú ọ̀nà tí ọ̀wọ́ ọkọ̀ Ààrẹ ń gbà kọjá. Leymah Gbowee wà lára àwọn aṣáájú wọn, Asatu Bah Kenneth sì wà lára àwọn tí ó kó àwọn Mùsùlùmí jọ. Oòrùn pa wọ́n, òjò rọ̀ lé wọn lórí, wọn kò kúrò. Ohun mẹ́ta péré ni wọ́n ń bèèrè: kí ìbọn dákẹ́, kí ìjọba àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ jókòó sọ̀rọ̀, kí àwọn ọmọ-ogun àlàáfíà láti òkèèrè sì wá. Ìjọba ti ka ìwọ́de léèwọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún sójà láti yìnbọn lu obìnrin tí ó jọ ìyá rẹ̀, tí kò ju òkúta, tí kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 23, oṣù náà, Taylor gbà láti rí wọn, wọ́n sì ka ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn sí i létí.

Nígbà tí ìpàdé àlàáfíà bẹ̀rẹ̀ ní Gánà ní oṣù Kẹfà, àwọn obìnrin náà rán ọ̀wọ́ kan tẹ̀lé e. Ìpàdé náà falẹ̀. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ológun ń jẹun ní hòtẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ ni ọta ìbọn ńlá ń bọ́ lu ilé ní Monrovia. Ní ọjọ́ 21, oṣù Keje, àwọn ará ìlú to òkú àwọn ènìyàn wọn sí iwájú ilé aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kan náà, ní Accra, àwọn obìnrin náà jókòó dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìpàdé, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde àfi bí wọ́n bá fi ẹnu kò. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fẹ́ mú Gbowee, ó ní òun yóò tú aṣọ. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò nílò àlàyé: ìyá kì í ṣí aṣọ lójú ọmọ lásán, èpè ni. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, ẹni tí ó ti jẹ́ olórí ìjọba Nàìjíríà rí, tí ó ń ṣe alárinà ìpàdé náà, jáde wá bá wọn sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ọjọ́ náà, ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹjọ, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà. Taylor ti fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 11, ó sì ti bá ọ̀nà Calabar lọ. Kò yẹ kí a sọ pé àwọn obìnrin nìkan ni ó ṣe é. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti dé ẹnu ibodè ìlú, ilé-ẹjọ́ tí ó wà ní Sierra Leone ti fi ẹ̀sùn kan Taylor, àwọn sójà Nàìjíríà sì ti gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹjọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó mú kí àwọn tí ń jẹ èrè ogun jókòó títí tí wọ́n fi fọwọ́ síwèé? Ìgbìmọ̀ tí ń fúnni ní ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà dáhùn ìbéèrè yìí ní ọdún 2011, nígbà tí ó fi Gbowee àti Ellen Johnson Sirleaf, obìnrin àkọ́kọ́ tí a dìbò yàn sí ipò Ààrẹ ní Áfíríkà, kún àwọn tí ó gbà á.

Ẹni tí ó bá rántí Abẹ́òkúta yóò rí i pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Sinkor kò ṣàjèjì. Láti ọdún 1947, Funmilayo Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jókòó sí iwájú ààfin Aláké nítorí owó-orí, wọ́n ń kọrin tọ̀sán-tòru, wọ́n sì ń ṣe ètò bí ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1949, Aláké Ademola fi ìlú sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà náà ti rìn. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1960, àwọn ti Ìbàdàn lọ sí Ilé Aṣòfin ní Èkó láti kọ àdéhùn ogun pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ́de náà le díẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba gbọ́, wọ́n sì fagi lé àdéhùn náà ní ọdún 1962. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 1978, ọdún kan péré ṣáájú ọ̀rọ̀ ìrẹsì Monrovia, owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ fò láti kọ́bọ̀ 50 sí náírà kan àti kọ́bọ̀ 50 lóòjọ́. Wọ́n jáde, ìbọn sì dá wọn lóhùn ní Èkó àti Zaria. Ìrántí rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ lójú wọn.

Láti ìgbà tí ogun ti parí, ìwọ́de ti padà sí Monrovia, èsì tí ó ń rí sì yàtọ̀ síra. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹfà, ọdún 2019, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kún Capitol Hill láti ṣàròyé lórí ọ̀wọ́ngógó ọjà àti ìwà ìbàjẹ́ ní ìgbà Ààrẹ George Weah. Wọ́n dí ojú òpó Facebook àti WhatsApp lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣú láìsí ìpakúpa. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ rìn fún ọjọ́ mẹ́ta lórí ìfipábánilòpọ̀. Ọlọ́pàá fi tajútajú tú wọn ká, síbẹ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀lé e Ààrẹ kéde pé ọ̀rọ̀ náà di pàjáwìrì orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 26, oṣù Keje, ọdún 2022, tí òmìnira pé ọdún 175, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ń fi ẹ̀hónú hàn nítòsí ilé aṣojú Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ tí ń ti ìjọba lẹ́yìn sì kọlù wọ́n, wọ́n lu ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn bí ẹni máa kú. Sójà kò wọ ọgbà mọ́ bí ti ọdún 1984, ṣùgbọ́n kùmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ aláìwọṣọ-ìjọba kò sàn ju èyí tí ó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá lọ.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìtàn yìí kò ṣòroó kà. Ìwọ́de tí ó béèrè ohun mẹ́ta tí ọmọdé lè kà ní orí ìka lágbára ju èyí tí ó béèrè ogún nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwọ́de tí kò lè dá jàǹdùkú dúró ti fi orúkọ rẹ̀ lé jàǹdùkú lọ́wọ́. Sùúrù sì ń ṣiṣẹ́ ju ariwo lọ: àwọn obìnrin Sinkor jókòó fún ọ̀pọ̀ oṣù, ti ọdún 1979 kò sì ju òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ kí ó tó bàjẹ́.

Ti ìjọba ni ó wúwo jù. Ọ̀dọ́ tí ó mú pátákó lọ́wọ́ wá sí ẹnu ọ̀nà aláṣẹ ṣì gbà pé aláṣẹ náà ní etí. Ọjọ́ tí kò bá wá mọ́ ni ó yẹ kí ẹ̀rù ba àwọn tí ó wà nínú ilé. Tolbert kò kú lọ́wọ́ àwọn tí ó bá a sọ̀rọ̀ ìrẹsì lójú títì. Ọwọ́ àwọn sójà tirẹ̀ ni ó kú sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí Doe fi pàṣán lé kúrò lójú kọ́ ni ó mú un ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1990. Àwọn oníbọn ni. Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Ìjọba èyíkéyìí, ìbáà ṣe ní Monrovia, ìbáà ṣe ní Àbújá, Accra tàbí Freetown, tí ó bá ń fẹ́ kí ìlú rẹ̀ tòrò, kí ó jẹ́ kí ọ̀nà kúkúrú tí ó wà láàrin ọgbà akẹ́kọ̀ọ́ àti ilé aláṣẹ ṣeé rìn, kí ó sì rí i pé ẹnì kan dúró ní ìparí rẹ̀ láti gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ó rìn ín.